Ohùn Tó Ní Kí Bàbá Mi Sọ̀kalẹ̀

Òfin ni mo fẹ́ kà. Yorùbá ni wọ́n fún mi. Lọ́jọ́ tí orúkọ mi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lẹ́bàá Odigbo, tí mo rí i pé ẹ̀ka èdè Yorùbá ni wọ́n jù mí sí, mo sunkún títí ìyá mi fi ní kí n lọ bomi sójú kí n wá bá òun bó ẹ̀gẹ́. Èdè tí mo ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti ń rákò, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ló tù mí nínú. Mo mọ àròkọ kọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ore, kò sẹ́ni tó lè bá mi dù ú. Mo ní ìbẹ̀rẹ̀ kan tí mo ti há sórí, tó bá gbogbo àkọlé mu bí ìgbà tí èèyàn bá ní bàtà kan tó bá gbogbo aṣọ lọ: "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé..." Ohun tó bá wu tíṣà kó tẹ̀ lé e: ìgbéyàwó, ọkọ̀ ojú irin, ibà. Mo ní òwe méje tí mo máa ń wọ́n sí i bí iyọ̀. Mo sì ní ìparí kan tó máa ń jẹ́ kí àwọn tíṣà mi mi orí: "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa fọwọ́ sowọ́ pọ̀." Kò sí ohun tí a kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lé lórí. Wọ́n ní ká kọ àròkọ nípa ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́ nígbà kan, mo ní ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí rẹ̀.

Obìnrin tó ń kọ́ wa ní àròkọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kéré, ó gbẹ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Àkọlé tó kọ́kọ́ fún wa ni "Ọrọ̀ Ilẹ̀ Wa". Inú mi dùn. Mo kọ̀wé lórí ọ̀dà inú ilẹ̀ tó wà ní Agbabu, èyí tí wọ́n ń pè ní bítúmẹ̀nì. Mo ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Mo ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń jowú wa. Mo ní bí wọ́n bá wà á lónìí, tálákà ò ní í sí mọ́ láti Ore dé etí òkun. Ojú ìwé mẹ́fà gbáko. Mo parí rẹ̀, mo ní ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó dá a padà. Kò sí máàkì kankan lórí rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá: *Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?* Ní abẹ́ ìparí mi, ó kọ òmíràn: *Ìwọ àti ta ni ẹ fẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀?*

Mo gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú. Ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì lórí ìwé ìròyìn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò fún mi ní máàkì."

"Jókòó. Ṣé o ti dé Agbabu rí?"

"Rárá mà."

"Ta lo mọ̀ tó ti débẹ̀?"

"Mà, gbogbo èèyàn ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí."

"Ó dáa. Nínú gbogbo èèyàn, mú ẹnì kan fún mi."

Mo ronú títí. "Wọ́n sọ ọ́ nínú rédíò, mà."

"Ta ló sọ ọ́ nínú rédíò?"

"Mi ò mọ̀, mà. Wọ́n mú iná lọ kó tó parí ọ̀rọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gé bọ̀ọ̀lì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì, ó ní, "O mọ gbólóhùn tò. O kò tíì sọ nǹkan kan." Mo jẹ bọ̀ọ̀lì náà, mo sì ń bú u nínú ọkàn mi títí mo fi dé ìdí ọ̀kadà.

Iṣẹ́ kejì tó fún wa ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní kí kálukú wá ohun kan tí gbogbo ará ilé rẹ̀ gbà gbọ́, kó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ síbi tó ti ṣẹ̀ wá, kó sì kọ ohun tó bá níbẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ rí òwe kankan nínú rẹ̀.

Nílé tiwa, ohun ìgbàgbọ́ ò wọ́n wa. Ilé àdúrà aláṣọ funfun là ń lọ. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti bí bàbá mi. Oko kòkó olóko ló wá bá wọn ṣe ní Ajue kó tó kọ́ iṣẹ́ táyà. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta, ó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Ore, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á dúdú fún epo. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ sùtánà, á di alàgbà, ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n mọ́.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀rí kan náà ni bàbá mi máa ń jẹ́. Ó ní kí wọ́n tó bí mi, òun ń bọ̀ láti Benin nínú ọkọ̀ akérò kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Ore, ohùn kan pe òun: "Sọ̀kalẹ̀!" Òun sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ náà ò rìn jìnnà tó fi já sí kòtò. Halelúyà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀ẹ̀kan ni ohùn náà máa ń pè é. Nígbà tí mo wọ girama, ó ti ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́dún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìmọ́lẹ̀ ti ń bá ohùn náà rìn, kòtò náà sì ti di ọ̀gbun.

Gbogbo ilé ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ìyá mi nìkan ni kì í sọ nǹkan kan. Bí bàbá mi bá ti bẹ̀rẹ̀, á tẹ orí ba, á máa fọwọ́ tún ìborí rẹ̀ ṣe. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí a ń yan gàrí ní ẹ̀yìnkùlé, mo bi í.

"Màámi, ta ló tún gbọ́ ohùn tó pe Bàámi lọ́jọ́ yẹn?"

Igbá tó fi ń ro gàrí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé ni, mà."

"Ilé ìwé ló ní kẹ́ ẹ máa tú àṣírí ilé yín?"

"Ìwádìí ni wọ́n pè é, mà."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún wo orí odi. Ẹ̀rín wá bú lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí èéfín fi wọ̀ ọ́ lọ́fun, mo wá bu omi fún un.

"Èmi ni," ó ní.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ní kó sọ̀kalẹ̀."

Ó wá rò ó fún mi. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀, wọn ò mọ ara wọn rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni bàbá mi jókòó sí. Bàbá mi ti jẹ ẹ̀wà ní gáréèjì Benin, ẹ̀wà ọ̀hún ò sì bá a lára mu. Ó bẹ awakọ̀ pé kó dúró fún òun, awakọ̀ ní òun ò lè dúró ní àárín igbó. "Ó só lẹ́ẹ̀kan," ìyá mi ní, "a dákẹ́. Ó só lẹ́ẹ̀kejì, a ṣí fèrèsé. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo lọgun: 'Ọ̀gbẹ́ni, ẹ sọ̀kalẹ̀!' Gbogbo ọkọ̀ bá gbè é: 'Sọ̀kalẹ̀! Sọ̀kalẹ̀!'"

Awakọ̀ dúró. Bàbá mi sáré wọ igbó ọ̀pẹ. Awakọ̀ ní òun ò lè dúró dè é, ó ṣíná, ó ń wẹ̀yìn wo bí bàbá mi ṣe ń sáré tó fi ọwọ́ gbá ṣòkòtò mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ọkọ̀ ti já sí kòtò. Kò sẹ́ni tó kú. Ọwọ́ ìyá mi ló dá. Nígbà tí bàbá mi jáde nínú igbó, ọkọ̀ ló bá nínú kòtò, òun ló sì fa ìyá mi jáde, tó gbé ẹrù rẹ̀ rù, tó bá a dé ọsibítù.

"Ojoojúmọ́ ló ń wá kí mi, ó ń gbé ọsàn wá," ìyá mi ní. "Mi ò lè lé e. Ọwọ́ kan ló kù tí mo lè lò."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ibo ni kí n ti sọ ọ́? Níwájú pẹpẹ? Kí n dìde kí n ní, ẹ̀yin ará, ohùn Olúwa yẹn, èmi ni?"

Mo kọ ojú ìwé mẹ́jọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gàrí ṣì wà lára ọwọ́ mi. Mi ò gbádùn ìwé kíkọ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo pe bàbá mi ní òpùrọ́ ní ọ̀nà mẹ́rin, mo sì rò pé orí mi ti pé. Nígbà tí mo kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn ṣubú kúrò lórí bẹ́ńṣì.

Olùkọ́ wa kọ gbólóhùn méjì péré sí i: *Ó dùn. Ẹnì kan péré lo bi.*

Mo tún gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

"Lọ́jọ́sí, rédíò lo gbà gbọ́," ó ní. "Báyìí, ìyá rẹ lo gbà gbọ́. Kí ló yàtọ̀?"

"Ìyá mi wà níbẹ̀, mà."

"O ṣeun. Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Awakọ̀, mà."

"Àti ta ni?"

"Bàbá mi. Ṣùgbọ́n òun ló ń purọ́, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ojú tì mí, nítorí mo mọ̀ pé bí ìtàn ìyá mi ò bá pa mí lẹ́rìn-ín, bóyá ni ǹ bá gbà á gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ ọjọ́ náà ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, oko kòkó ló ń ṣe ní Ago Alaye. Ìyá mi ló júwe rẹ̀ fún mi, láìmọ ohun tó ń dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Mo bá bàbá náà nídìí kòkó tó sá sóòrùn, ó ń fi ẹsẹ̀ tú u káàkiri orí ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó ní òun rántí ọjọ́ náà bí àná.

"Ewúrẹ́ ni," ó ní.

"Ewúrẹ́ wo, bàbá?"

"Èyí tó já lu títì. Ewúrẹ́ dúdú. Òun ni mo ń yà fún."

"Ìyá mi ní ẹ̀ ń wẹ̀yìn ni, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Ta ni ìyá rẹ?"

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá."

Ó dá ẹsẹ̀ dúró. "Èyí tó ń gbá mi léjìká? Tó ní kí n máa lọ, kí n fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ nínú igbó, kó má tún bá wa wọlé pẹ̀lú òórùn? Mo fẹ́ dúró dè é o! Òun ló ní kí n máa lọ. Ó gbá mi léjìká, ó gbá mi léjìká. Ṣé kò sọ ìyẹn fún ọ?"

Kò sọ ìyẹn fún mi.

Mo bi í bóyá òun náà rẹ́rìn-ín. Ó tún kòkó rẹ̀ tú díẹ̀. "Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wà níbẹ̀."

Lórí ọ̀kadà tí mo gùn padà sí Ore, eruku ń wọ̀ mí lójú, mo ń rò ó. Ẹni mẹ́ta, kálukú ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kálukú ló sì yọ ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ ti dọ̀tí kúrò. Èmi tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Mo ti fẹ́ yọ ewúrẹ́ kúrò, nítorí pé ewúrẹ́ ò dùn tó ẹ̀rín.

Ó wá ku bàbá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí po ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí n tó ní ìgboyà. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ó ti tíúbù kan bọ inú omi, ó ń wo ibi tí omi á ti hó, kó lè mọ ibi tó jò. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi náà.

"Bàámi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ohùn tó pè yín lójú ọ̀nà Benin ni mo fẹ́ béèrè."

Kò gbé ojú sókè. "Ìyá rẹ ti sọ fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Awakọ̀ náà sì sọ tirẹ̀."

"Awakọ̀ yẹn ṣì wà láyé? Kí ló ní ó fà á?"

"Ó ní ewúrẹ́ ni."

"Irọ́ ni! Kò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀."

"Bàámi, inú igbó lẹ wà."

Ó wá wò mí. Ojú tó fi wò mí pẹ́ débi pé mo ti ń wo ibi tí mo máa gbà sá. Ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá, ó bu eruku lù wá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó ní kí n fa bẹ́ńṣì, kí n jókòó.

"Inú run mí," ó ní. "Mi ò sọ pé inú ò run mí. Ta ló rán inú rírun náà?"

"Ẹ̀wà ni, sà."

"Àwa mẹ́rin nínú ọkọ̀ la jọ jẹ ẹ̀wà náà. Abọ́ kan náà, ìkòkò kan náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ inú tèmi nìkan ló run?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó sì jọ pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé ẹnì kan ń kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀.

"Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ jẹ́rìí," ó ní, "bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti gba gbohùngbohùn. Mo ní, 'Bí a ṣe ń bọ̀, inú mi ń...' Ni mo bá rí Ìyá Ìjọ níwájú, nínú aṣọ funfun báláú, ó ń wò mí lẹ́nu. Báwo ni kí n ṣe dárúkọ ìgbẹ́ níwájú ìyá yẹn? Mo bá ní, 'Inú mi ń sọ fún mi pé kí n sọ̀kalẹ̀.' Ìjọ bá ké halelúyà. Nígbà tí wọ́n ti ké halelúyà tán, báwo ni kí n ṣe gbà á padà?"

"Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́, sà?"

Ó ti tíúbù rẹ̀ bọ omi padà. "Ìmọ́lẹ̀ yẹn," ó ní, "mi ò mọ bó ṣe débẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ àròkọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ ohun tí bàbá mi sọ, mo kọ ohun tí ìyá mi sọ, mo kọ ti awakọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu, mo sọ pé ó bára mu. Níbi tí wọ́n ti já ara wọn nírọ́, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mi ò mọ̀ bóyá ewúrẹ́ wà. Mo kọ ọ́ pé mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ inú bàbá mi nìkan ló run. Ó dùn mí láti kọ "mi ò mọ̀" sórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́ kí n tó jẹ́ kó dúró. Ọ̀rọ̀ òpùrọ́ náà ni mo yọ kúrò. Kì í ṣe pé àánú ṣe mí. Mi ò kàn mọ ta ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Olùkọ́ wa fún mi ní mẹ́rìnlá nínú ogún. Mo ní kí ló gba mẹ́fà. Ó ní mo kọ "dájúdájú" sí ojú ìwé kẹta, ohun tí mo sì kọ lẹ́yìn rẹ̀ ò dájú rárá. Mo wò ó. Òótọ́ ló sọ. Mi ò bú u lọ́jọ́ náà.

Mo mú àròkọ náà wálé, ọ̀rọ̀ ò sì rọ̀. Nígbà tí ìyá mi ka ibi tí wọ́n ti ní ó gbá awakọ̀ léjìká, èdè Ìkálẹ̀ rẹ̀ jáde. Tí inú bá ń bí i, kì í sọ Yorùbá àjùmọ̀lò. Ó ní òpùrọ́ àgbà ni awakọ̀ yẹn, òun ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun kàn fọwọ́ tọ́ ọ ni. Lọ́jọ́ kẹta ó bi mí bóyá awakọ̀ náà sọ pé ó dun òun. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ń rán ìyá mi sí mi nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó sí yàrá kan náà.

Nígbà tí ìkórè dé, wọ́n pè é kó wá jẹ́rìí. Ọwọ́ ìyá mi ti wà lórí ìborí rẹ̀. Bàbá mi gba gbohùngbohùn, ó ní, "Inú run mí lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀, Olúwa dá mi sí, ó sì fún mi ní aya." Ó jókòó. Ìjọ ń retí ìyókù. Halelúyà tí wọ́n ké kò lókun nínú. Lẹ́yìn ìsìn, màmá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé ara bàbá mi le, torí ó ti gbàgbé ìmọ́lẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo wá sílé fún ìsinmi. Bàbá mi wọlé láti ibi iṣẹ́, ó wẹ̀, ó sì wá jókòó tì mí. Ó mú ìwé àjákọ kan jáde. Òun ló máa kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀.

"Bá mi wò ó," ó ní. "Má kọ nǹkan kan sí i o. Fi ọwọ́ tọ́ka sí i nìkan."

Mo kà á tán. Ibi mẹ́ta tí mi ò ti mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo tọ́ka sí. Ó bá mi jà lórí méjì, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi yọjú láti ilé ìdáná. Bàbá mi wá gbé bírò, ó fa ìlà gba inú ẹ̀kẹta.